Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin olórí ọjà ní Gbági Àtijọ́, Ìbàdàn

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ni ilé ní Lebanon Street àti àwọn títì tó so mọ́ ọn,
Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ gbogbo,

Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú àfaradà àsìkò yìí, ajé á wọgbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ ìwé yìí nípa bí a ṣe lè jọ tún títì ọjà wa ṣe. Mo ti gbìyànjú láti bá ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó kan ogún ilé, tí a bá ń sọ ọ́ fún onílé kan ṣoṣo, ibi kan náà ló máa ń parí sí: "Tí àwọn tó kù bá ti gbà, èmi náà gbà." Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu èèyàn mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó kọ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú pe gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá àgbàlagbà kan wá ra léèsì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn. Oníbàárà ìyá mi ni wọ́n kí wọ́n tó di tèmi. A ná ọjà, a rẹ́rìn-ín, mo fi gèlè kan ṣe èènì. Bí wọ́n ṣe ń sọdá gọ́tà bọ́ sí ojú títì báyìí, ìdérí kọnkéré tí wọ́n tẹ̀ yí mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì wọlé títí dé itan. Ọ̀rá aṣọ bọ́ sínú omi dúdú. Àwa mẹ́ta la fà wọ́n jáde. A fi omi inú ọ̀rá méje wẹ ẹsẹ̀ wọn níbi tí wọ́n jókòó sí lórí àpótí, awọ ojúgun ti bó, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde díẹ̀díẹ̀. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń wo léèsì yẹn. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọjà yín dára, ṣùgbọ́n èmi ò lè máa bá gọ́tà jà ní ọjọ́ orí yìí." Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì rí wọn ní Gbági mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ẹni tó ń bá wa gba owó ilé. Ó ní káńsù ló ni gọ́tà. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kí n lọ rí, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọjà ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Mo padà sọ́dọ̀ olóyè ẹgbẹ́ kan, òun náà ní iwájú ilé, onílé ló ni ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rìn yípo bẹ́ẹ̀, tí mo tún padà débi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà lóòótọ́ pé ti ẹlòmíì ni. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tiwa wá le díẹ̀ jùyẹn lọ, nítorí ọmọdé ń wo àgbàlagbà, àgbàlagbà ń wo ọmọdé, oúnjẹ sì wà lórí pẹpẹ ó ń bàjẹ́.

Àwa márùn-ún tí ṣọ́ọ̀bù wa fara kan ara wọn la wá dáwó. Wẹ́dà kan láti apá Ògùnpa bá wa gé irin, ó so ó bí àwọ̀n. A ra sìmẹ́ńtì, yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ọjọ́ Àìkú tí ọjà kò sí la da kọnkéré náà, ìdérí mẹ́rin, a sì fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di béélì aṣọ bò ó. Fún ọjọ́ méje, mo ń dé kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láti bu omi sí i, nítorí bíríkìlà kìlọ̀ fún wa pé tó bá yára gbẹ, á sán. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ọkọ̀ akẹ́rù ti gun un, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí mi ò retí ni pé, ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó wà ní òdìkejì títì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dáwó fún tiwọn. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti ẹ̀wà ní igun ọ̀hún, tí wọn ò sì dá kọ́bọ̀ sí i nítorí a ò ní kí wọ́n dá a, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí ìdérí náà láràárọ̀ kí wọ́n tó gbé ìkòkò kalẹ̀.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ ló mú mi kọ̀wé yìí. Títì yìí kò ṣaláìní owó, kò sì ṣaláìní èèyàn. Ibi tí a ti lè jókòó pọ̀, kí onílé, ayálégbé, alátẹ àti ìjọba jọ dá owó sínú àpò kan, kí wọ́n sì jọ ka ìwé rẹ̀, òun ni kò sí.

Ẹ̀yin àgbà mọ ìtàn ibí jù mí lọ, àmọ́ àwọn ọmọ wa tí wọ́n máa kà á lórí fóònù kò mọ̀ ọ́n, torí náà ẹ fún mi láyè díẹ̀. Nígbà tí ojú irin Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ lé e wá. Kóòkó àti èkùrọ́ ń lọ sí Èkó, aṣọ àti irin ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ìlú tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ òkè Mápó ni ojúkò ọjà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ wá ní ojúkò kejì ní Gbági àti Dùgbẹ̀. Àwọn ará Lẹ́bánónì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kòráà, ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń gbé lókè. Àwọn ilé ìtajà ńlá wà: Kingsway wà, UTC wà, Leventis wà. Ní 1961, inú ilé tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánónì nítòsí ọjà Dùgbẹ̀ ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Wole Soyinka, Chinua Achebe àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń pàdé nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Aláṣọ ń ná ọjà ní òpin títì kan, òǹkọ̀wé ń ka ìwé ní òpin kejì.

Ní 1965 ni wọ́n parí Cocoa House, àjà 26. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi orúkọ yẹn. Owó kóòkó tí àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ṣiṣẹ́ fún nínú oko, tí a kó jọ pọ̀, ló dúró síbẹ̀ yẹn tí gbogbo ìlú ń wò láti ọ̀nà jíjìn. Àgbẹ̀ kan ṣoṣo ò lè kọ́ àjà kan nínú rẹ̀.

Èmi fúnra mi, ìdí ìṣọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń ka ọ̀pá aṣọ. Wọ́n ní igi ìwọ̀n kan tí irin wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì, tí ojú rẹ̀ ti ń dán nítorí ọwọ́. Tí Kérésì tàbí Iléyá bá kù díẹ̀, èèyàn ò ní rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀. Orí béélì ni mo máa ń sùn sí, tí òórùn àǹkárá tuntun, òórùn sítáàṣì yẹn, á wà ní imú mi títí dé ilé. Lálẹ́, tí a bá ń ti ìlẹ̀kùn onírin, a máa ń gbọ́ rédíò láti òkè, nítorí èèyàn ń gbé òkè. Ẹnì kan wà tó máa ń yọjú ní fèrèsé láti kí ìyá mi pé ó dàárọ̀.

Ẹ wo òkè wọ̀nyẹn lónìí. Páálí ló kún inú wọn, àti àwọn férémù fèrèsé tí gíláàsì ti bọ́ lára wọn. Ohun tó lé èèyàn kúrò kì í ṣe ẹyọ kan. Odò Ògùnpa kún ní 1980, ó sì gbé ẹ̀mí àti dúkìá lọ. Ẹni tó bá rí Omíyalé yẹn kò ní gbàgbé láéláé. Iná jó Cocoa House ní oṣù kìíní 1985, ó sì di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣe tán. Ìjọba kọ́ Gbági Tuntun sí ọ̀nà Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ aláṣọ sì kó lọ síbẹ̀ nítorí àyè ọkọ̀. Àwọn ọjà ńláńlá abẹ́ òrùlé kan dé, wọ́n ní iná, wọ́n ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021, Mọ́níyà ló já èrò sí, ó jìnnà sí Dùgbẹ̀ tí ti àkọ́kọ́ ti já wọn sí. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa ń ta aṣọ lórí WhatsApp láti inú yàrá wọn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìyẹn. Èmi náà ń tà á níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ tiwa náà, nítorí a ò lè fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù lé orí ìjọba àti odò.

Tí ẹ bá dé títì wa ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ máa rí i pé gbogbo ibi tí oníbàárà lè gbé ọkọ̀ sí ti kún. Ọkọ̀ ta ni? Ọkọ̀ tiwa, àwa tí a ni ṣọ́ọ̀bù. A gbé e síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, a wá ń ṣàròyé pé oníbàárà kì í dúró. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, a ti fi béélì aṣọ àti ère tí a ń wọṣọ fún dí i, tó fi jẹ́ pé àárín máíkírà àti ọ̀kadà ni ìyá ọlọ́mọ ń gbà kọjá. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́wàá ń ké ní ilé kan ṣoṣo, nígbà tí ẹyọ kan tó tóbi ì bá tó gbogbo wọn. Àwọn ilé míì sì wà tó jẹ́ ilé ẹbí, tí bàbá ti kú, tí àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Texas, tí wọn ò tíì jókòó pọ̀ láti ọdún yìí wá. Owó ilé ń wọlé, òrùlé ń jò, ẹnì kan kò lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún un ṣe, nítorí àwọn àbúrò á béèrè pé ta ló rán an níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn, mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Mi ò kọ ọ́ láti bú yín.

Ó wá ku ohun tí àwọn ẹlòmíì ṣe nígbà tí irú èyí dé bá wọn. Ní Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Bloor West Village. Ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ ló ń gba títì wọn kọjá tẹ́lẹ̀, tí èrò ń rí ṣọ́ọ̀bù láti ojú fèrèsé. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1960 parí, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ ilẹ̀. Èrò ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kò sì sí ẹni tó ń rí wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọjà ńláńlá abẹ́ òrùlé ti ń ṣí káàkiri. Ẹ gbọ́ ohun tó jọ tiwa níbẹ̀: wọ́n ní ẹgbẹ́ oníṣòwò, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ ló ń dáwó, tí gbogbo títì sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó ń dá a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kí ló dé tí òun á fi máa tan iná fún ẹni tí kò san nǹkan kan. Wọ́n lọ bá ìjọba, wọ́n ní àwọn fẹ́ òfin tó máa mú kí gbogbo oníṣòwò àdúgbò náà dáwó pọ̀ mọ́ owó orí ilé. Ìjọba á gbà á, ìjọba á sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún ìgbìmọ̀ tí àwọn oníṣòwò fúnra wọn yàn. Ní 1970 ni ó fìdí múlẹ̀. Iná títì, ìkòkò òdòdó àti bẹ́ǹṣì tí èèyàn lè jókòó lé ni wọ́n fi owó náà ṣe lákọ̀ọ́kọ́. Kò sí ohun ńlá kan níbẹ̀. Irú ètò yẹn ti dé ọ̀pọ̀ ìlú láyé lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1977, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ mú ìlú kéékèèké mẹ́ta, Galesburg ní Illinois, Madison ní Indiana, àti Hot Springs ní South Dakota, láti wò ó bóyá títì ọjà tó ń kú lè jí láìwó o. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gba ẹnì kan síṣẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sanwó fún un, iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni títì yẹn. Kì í ṣe alága tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ láti bójú tó. Ẹni tó máa jí láàárọ̀ tó máa rìn láti ilé dé ilé, tó mọ onílé tó wà lókè òkun, tó mọ ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo àti ẹni tó ń wá ṣọ́ọ̀bù. Iye ìlú tó ti tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn níbẹ̀ láti ìgbà náà ti lé ní 2,000.

Nígbà tí mo gbọ́ ti Toronto, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé àjọ nìyí. Gbogbo wa la ń dá a. Kò sí obìnrin kan ní títì wa tí kò mọ̀ pé tí ẹnì kan ò bá dá, ó máa kan ẹni tó kù, àti pé alájọ tí kò bá lè ṣí ìwé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gba owó. Láyé àtijọ́, pàràkòyí wà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọjà nílùú. Àáró wà, ọ̀wẹ̀ wà. A mọ bí a ṣe ń ṣe é tipẹ́. Kìkì pé láti ọjọ́ tí onílé ti kúrò ní òkè ilé rẹ̀ lọ sí Bódìjà, tí ìjọba sì ti di ẹni tí a ń rí kìkì nígbà tó bá wá gba tíkẹ́ẹ̀tì, àjọ náà ku ti ọlọ́jà nìkan. Owó ọlọ́jà nìkan ò lè tún títì ṣe.

Mo mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ó ń ba èmi náà. Ní ìlú yìí, tí èèyàn bá gbọ́ "àtúnṣe ọjà", katapílà ló kọ́kọ́ ń rí lójú ọkàn. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Ní Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí orúkọ òrìṣà wa ṣì wà lẹ́nu wọn títí dòní, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Pelourinho. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi orúkọ àárín ìlú àtijọ́ yẹn sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1985. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ tún àwọn ilé náà ṣe, wọ́n kùn wọ́n ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n dára púpọ̀ lójú àwòrán. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ibẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ò rí já jẹ, owó díẹ̀ ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ. Arìnrìn-àjò afẹ́ ló wá ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ìyá wọn ti ń din àkàrà.

Èkejì wà nítòsí. Ní Tinúbú, l'Ékòó, ilé Àgùdà kan, ìyẹn ilé àwọn tó padà dé láti Brazil, wà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ilọ́jọ Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìjọba, ìwé yẹn ò sì gbà á sílẹ̀. Nígbà tí mo rí àwòrán òkìtì bíríkì yẹn, àwọn fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ kọrọdọ ní Lebanon Street ni mo ń rò.

Nítorí náà, àwọn tó ń ta ọjà lójú títì gbọ́dọ̀ wà nínú ìpàdé àkọ́kọ́ gan-an, kì í ṣe pé kí a ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn tí a bá ti parí ọ̀rọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì yẹn ló ń kọ́kọ́ dé títì, àwọn ló ń kẹ́yìn kúrò, àwọn sì ni wọ́n mọ ẹni tó ń jí ìdérí gọ́tà onírin lóru. Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀ọ́, mo kúnlẹ̀ láti sọ èyí: tí ayálégbé bá dáwó, tí títì dára, tí ẹ wá sọ owó ilé di ìlọ́po méjì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó tún un ṣe ni ẹ fi owó rẹ̀ lé jáde yẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó bá wà nínú àdéhùn, owó ilé rẹ̀ kò ní kọjá iye tí a jọ fẹnu kò lé lórí. Ẹ̀yin náà máa jèrè, nítorí òkè tó ṣófo yẹn á padà di ilé. Ọ̀dọ́ tó ń rán aṣọ, ẹni tó ń ṣe àwòrán, agbẹjọ́rò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá yàrá, gbogbo wọn ń wá ibi tó sún mọ́ Dùgbẹ̀. Tí èèyàn bá ń sùn lókè, iná á wà ní fèrèsé, àwa náà ò ní máa sáré ti ìlẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mi ò ní ká tún gbogbo Gbági ṣe lẹ́ẹ̀kan. Títì kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, láti igun dé igun. Kí ìdérí gọ́tà pé lórí rẹ̀, nítorí òjò kì í dúró de ìpàdé, tí gọ́tà bá sì dí níbí, Ògùnpa ló ń lọ pàdé. Kí iná wà. Kí àwa oníṣọ̀ọ̀bù gbé ọkọ̀ wa sí ibì kan tí a bá jọ yá, ká fi iwájú sílẹ̀ fún ẹni tó wá náwó. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ńkọ́? Ìtìjú ni láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní láti kọ ọ́: obìnrin tó wá láti Ìsẹ́yìn wá ra aṣọ ẹbí, tó fi wákàtí mẹ́rin wà lọ́jà wa, kò sí ibi tó lè yà sí. Àwa tí a wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ kì í mu omi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán nítorí rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó mọ́, tí ẹnì kan ń tọ́jú, tí èèyàn ń san owó díẹ̀ kó tó wọlé, á dá oníbàárà padà ju ìpolówó rédíò lọ.

Ẹ̀yin aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, ohun díẹ̀ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ rán ẹni tó lè fọwọ́ sí nǹkan wá sí ìpàdé, kó má jẹ́ ẹni tó máa sọ pé òun á lọ jábọ̀. Ẹ fún wa ní ìwé àṣẹ kí wọ́n má baà wá wó ohun tí a bá ṣe. Kí ọkọ̀ ìdọ̀tí wá ní ọjọ́ tí a mọ̀. Owó tí a bá sì dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó di tíkẹ́ẹ̀tì míì. Kó wà ní báńkì lábẹ́ orúkọ títì náà, kí èèyàn mẹ́ta láti ọ̀nà mẹ́ta, onílé, ọlọ́jà àti káńsù, máa fọwọ́ sí i pọ̀, kí a sì máa lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ògiri lóṣooṣù níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Ní Yorùbá ni kí ẹ jẹ́ ká kọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ìyá tó jìn sí gọ́tà yẹn lórí fóònù. Mo ti ń bẹ̀rù láti pè wọ́n tipẹ́. Mo kí wọn, mo béèrè ẹsẹ̀, wọ́n ní ó ti san. Mo ní, "Ìyá, a ti bo ibi tí ẹ jìn sí." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Èyí tó kù ńkọ́, láti ibi tí mo ti ń bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀?" Mi ò rí èsì kankan fún wọn.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ń retí yín níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lórí ìdérí mẹ́rin yẹn. Ìyá oníbúrẹ́dì ti gbà láti wá, wẹ́dà ti gbà, àwa márùn-ún àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ní tí àwọn tó kù bá ti gbà, orúkọ yín ló wà lójú ìwé kìíní nínú ìwé tí mo rà fún ìpàdé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ lè rí i pé ẹ̀yin ni àwọn tó kù yẹn. Ẹ bá wa mú àga kan dání. Tí òjò bá rọ̀, a óò bọ́ sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ìyá aláǹkárá,
Gbági Àtijọ́, Ìbàdàn